Òùngbẹ Inú Omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ta ni yóò bá wọn jiyàn? Omi ni a fi ń wẹ ọmọ tuntun, omi ni a fi ń se oúnjẹ, omi tútù náà ni a kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò kí a tó bi í léèrè ohun tí ó bá wá. Bí ọ̀dá bá dá, tí ewé àgbàdo ká jọ lóko, gbogbo ènìyàn ní í mọ̀ pé òjò ni àgbẹ̀ ń retí. Nítorí náà, bí a bá rí ewéko inú ilé tí ewé rẹ̀ hunjọ, tí ó sì rọ jọwọlọ, ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ sí wa lọ́kàn ni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kí a sáré bu omi sí i. Èrò yìí kì í sábà tàsé. Ṣùgbọ́n òdòdó kan wà tí òùngbẹ lè gbẹ pa nínú omi. Bí ewé rẹ̀ bá ti hunjọ, omi tí a fi àánú dà sí i lè jẹ́ ohun náà gan-an tí yóò gbé e lọ. Ọ́kíìdì ni wọ́n ń pè é. Bí òùngbẹ náà ṣe ń bá a, àti bí a ṣe lè gbà á lọ́wọ́ ikú nínú ilé ẹni, ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ yẹ̀ wò.

Ọ́kíìdì kì í ṣe àjèjì pátápátá sí wa. Àwọn kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ ń hù nílẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń gbé orí igi, wọ́n sì wà nínú igbó Áfíríkà bí wọ́n ti wà ní ibòmíràn. Ọ̀kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ansellia africana a máa jókòó sí ẹ̀ka igi ńlá, òdòdó rẹ̀ a sì ní àmì tó-tò-tó lára bí awọ ẹkùn. Fánílà tí ń mú áásìkirimù ta sánsán pàápàá, èso ọ́kíìdì ni. Ṣùgbọ́n ojú àfòmọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń wo ohunkóhun tí ó bá hù sórí igi, òwe wa sì ti dájọ́ fún àfòmọ́ tipẹ́: àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ni í bá tan. Àfòmọ́ tòótọ́ a máa wọ inú ẹ̀ka igi lọ, a máa fa oje rẹ̀ mu. Ìdí nìyẹn tí olókòkó fi ń gé e dànù. Ọ́kíìdì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjókòó lásán ni ó ń tọrọ lọ́wọ́ igi. Omi òjò tí ń ṣàn kọjá lára èèpo igi, ìrì òwúrọ̀, àti pàǹtí ewé tí ó há sí ìpàdé ẹ̀ka ni ó ń jẹ tí ó ń mu. Àlejò tí ó gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání wá ni.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé lónìí ni èyí tí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Carl Blume sọ ní Phalaenopsis ní ọdún 1825, nítorí pé òdòdó rẹ̀ jọ àfòpiná tí ó na ìyẹ́. Igbó gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà, bí ilẹ̀ Indonéṣíà àti Filipíìnì, ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí olùtọ́jú mọ̀ nípa rẹ̀. Èkíní ni pé gbòǹgbò rẹ̀ wọ ẹ̀wù. Ẹ̀wù náà rí bíi kànrìnkàn. Lójú ẹsẹ̀ ni ó ń fa omi òjò mọ́ra. Bí ó bá mu omi yó, a di aláwọ̀ ewé. Bí ó bá gbẹ, a padà ní àwọ̀ eérú. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò náà ní láti máa mí. Bí omi bá dúró yí i ká tí afẹ́fẹ́ kò ráàyè dé ibẹ̀, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Èkejì ni pé kò ní ibi wíwú ní ìdí ewé, bí irú èyí tí àwọn ọ́kíìdì mìíràn ń kó omi pamọ́ sí. Ewé rẹ̀ tí ó nípọn àti gbòǹgbò rẹ̀ wọ̀nyí ni àmù rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé, bíi ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, òru ni ó ń ṣí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ewé rẹ̀ láti mí; ní ọ̀sán, a pa wọ́n dé kí oòrùn má baà fa omi ara rẹ̀ tán. Ẹ̀dá tí ń ṣọ́ omi lò ni. Nítorí náà, kì í tètè ké. Nígbà tí ewé rẹ̀ yóò bá fi hunjọ, ìyà ti pẹ́ lára gbòǹgbò.

Àwọn òyìnbó tí ó fẹ́ràn òdòdó yìí pàápàá kò tètè mọ àṣírí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ná owó rẹpẹtẹ lórí ọ́kíìdì tí a kó wá láti ilẹ̀ olóoru. Wọ́n rò pé ibi tí ó gbóná tí ó sì kún fún ooru omi nìkan ni ó yẹ ẹ́, wọ́n sì ń tì í mọ́ ilé onígíláàsì tí atẹ́gùn kò wọ̀. Àìmọye ni ó kú. Ní àárín ọdún 1830 sí 1840, Joseph Paxton, olùtọ́jú ọgbà ní Chatsworth, wà lára àwọn tí ó fi hàn pé afẹ́fẹ́ ṣe pàtàkì fún un bí omi ti ṣe pàtàkì. Nígbà tí ó di ọdún 1922, Lewis Knudson ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde ọ̀nà tí a fi lè mú kí kóró rẹ̀ hù nínú ìgò, lórí oúnjẹ tí ó ní ṣúgà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Lónìí, ilẹ̀ Họ́láǹdì àti Taiwan ń tọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, a sì ń tà á ní ilé ìtajà ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì àti mílíìkì. Ohun tí ó jẹ́ ti ọlọ́lá nìkan ti di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Owó rẹ̀ ni ó wálẹ̀. Ìwà rẹ̀ kò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ọ̀rọ̀ òùngbẹ náà. Oríṣi méjì ni, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì sì fi ń hàn lára ewé. Oríṣi kan ni òùngbẹ àìrómi mu. Gbòǹgbò wà, ó le, ṣùgbọ́n ó gbẹ. Ìkòkò sì fúyẹ́ bí ẹni pé òfìfo ni. Èyí rọrùn láti wò. A ó gbé ìkòkò oníhò náà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, a ó gbé e jáde, a ó jẹ́ kí omi ro dànù pátápátá. Oríṣi kejì ni òùngbẹ àìlẹ́nu. Omi wà, ó pọ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ti jẹrà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò gbé omi lọ sókè fún ewé. Ewé a hunjọ. Ẹni tí ó ni ín a rò pé omi kò tó, a fi kún un. Gbòǹgbò tí ó kù a jẹrà. Ewé a tún hunjọ sí i. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni ó bí àṣejù yìí, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ṣòro láti bá ẹni tí ń ṣe é wí.

Èyí ni mo bá pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Ìbejì, papò dà níbẹ̀ ní oṣù Bélú ọdún 2022. Nígbà tí ó di oṣù Ṣẹ́rẹ́, mo lọ bá ọkọ rẹ̀ gbé fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé bàbá náà ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ìlú mìíràn sì ni àwọn ìbejì ti ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú mi kì í sì í fo ewéko dá. Lórí pẹpẹ fèrèsé, lókè ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná, ni mo ti rí ọ́kíìdì ẹ̀gbọ́n mi. Ewé márùn-ún ni ó ní. Gbogbo wọn hunjọ bí awọ bàtà àtijọ́, ti ìsàlẹ̀ sì ti pọ́n. Ìkòkò rẹ̀ wà nínú àwo tánńganran ẹlẹ́wà kan tí kò nihò nídìí. Ní àràárọ̀, bí Bàbá Ìbejì bá ti gbàdúrà tán, a bu omi ife kan, a rọra dà á sí i.

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ìbejì léèrè ohun tí ó fà á. Ó ní ní ọjọ́ tí wọ́n ń gbé ìyá òun lọ sí ilé ìwòsàn, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òdòdó mi." Kò padà wálé mọ́. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń bomi rin òdòdó. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ, ó sọ omi ife kan di méjì.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ há sí. Bí mo bá ní kí ó dáwọ́ omi dúró, ńṣe ni èmi àbúrò ìyàwó ń sọ fún àgbà pé kí ó rú àṣẹ ìkẹyìn tí aya rẹ̀ pa. Bí mo bá sì dákẹ́, òdòdó yóò kú sí i lọ́wọ́, yóò sì gbà pé òun ni kò pa àṣẹ náà mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ro ó. Ní ọjọ́ kẹrin, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣẹ náà fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kí ni Ìyá Ìbejì wí gan-an nípa òdòdó yìí?"

Ó wò mí. "Ìyàwó mi, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́."

"Ṣé ó ní kí ẹ máa bomi rin ín lójoojúmọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Rárá o. Òùngbẹ ni ó dárúkọ."

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Nínú gbogbo omi tí mo ń dà yìí?"

"Nínú rẹ̀ náà ni. Ẹnu tí ó fi ń mu ún ni kò sí mọ́. Bí ẹ bá yọ̀ǹda, ẹ jẹ́ kí a jọ wo ìdí rẹ̀."

Kò dá mi lóhùn. Ó dìde, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òdòdó náà wá.

Omi inú àwo náà ń rùn. Nígbà tí a yọ òdòdó kúrò nínú ìkòkò, èèpo igi tí a fi gbìn ín ti kú dà bí ẹrẹ̀. Gbòǹgbò mẹ́tàlá ni a kà. Mọ́kànlá ti di dúdú. Bí a bá fi ìka tẹ̀ wọ́n, ẹ̀wù wọn a bọ́, òwú tín-ínrín kan ṣoṣo a sì ṣẹ́kù. Méjì péré ni ó le lọ́wọ́. Mo fi sípírítì nu ẹnu sísọ́ọ̀sì kí a má baà ti inú àìsàn kó àìsàn ràn án. Bàbá di ewé mú, mo gé gbogbo èyí tí ó ti jẹrà títí mo fi dé ibi tí ó funfun tí ó sì le. Lẹ́yìn náà ni ó ku igi òdòdó rẹ̀. Òdòdó méjì tí ó ti ń rọ ṣì wà lórí rẹ̀, ó sì yẹ kí a gé e, nítorí pé aláìsàn kò gbọdọ̀ máa bọ́ òdòdó nígbà tí kò rí oúnjẹ fún ara rẹ̀. Mo ṣàlàyé èyí. Bàbá ní, "Ó rí àwọn méjèèjì yìí nígbà tí wọ́n là." Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó mú un, ó gé igi òdòdó náà fúnra rẹ̀, ó sì fi òdòdó méjèèjì sáàárín Bíbélì rẹ̀.

A fi òdòdó sílẹ̀ di alẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Bí gbòǹgbò tí ó dára bá ṣẹ́kù tó mẹ́rin márùn-ún, èèpo igi páìnì tuntun tí a ti rẹ sínú omi mọ́jú ni à bá fi gbìn ín, nínú ìkòkò ike kékeré tí ó nihò nídìí. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò méjì kò lè gbé ewé mẹ́rin. Nítorí náà, a wá ewéko rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní sphagnum, a rẹ ẹ́, a fún un títí tí omi kò fi ro mọ́, a sì rọra fi yí gbòǹgbò náà ká nínú ìkòkò kékeré. A wá gbé gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá funfun tí a lè rí inú rẹ̀, kí ọ̀rinrin má baà tètè fi ewé sílẹ̀ títí gbòǹgbò tuntun yóò fi yọ. A gbé e kúrò lókè ẹ̀rọ agbónálé, nítorí pé ooru rẹ̀ ń gbẹ ewé bí ọyẹ́ ṣe ń gbẹ ètè. A gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò tà sí i tààrà. A kò fún un ní ajílẹ̀ rárá, a kò sì jẹ́ kí omi kán sí àárín orí rẹ̀, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni ó fi ń dàgbà, bí ibẹ̀ bá sì rà, ó di kí a máa retí bóyá yóò yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Bàbá Ìbejì tí ó dúró níwájú fèrèsé pẹ̀lú ife lọ́wọ́, kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ìgbà náà ni ó yé mi pé a kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ kí a má fi òmíràn dípò rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa ṣí ọ̀rá náà ní àràárọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, kí ó sì máa fi aṣọ nu omi tí ó bá kán sórí ewé. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti gbàdúrà tán, aṣọ ni ó ń mú, kì í ṣe ife.

Ní oṣù Èrèlé, mo mú un lọ sí ọgbà Kew, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ọ́kíìdì lọ́dọọdún. Ewéko ilẹ̀ Kamẹrúùnù, aládùúgbò wa, ni wọ́n fi ọdún 2023 ṣàfihàn. Bàbá dúró pẹ́ níbi tí àwọn ọ́kíìdì gbé so rọ̀, tí gbòǹgbò wọn ń fì nínú afẹ́fẹ́, láìsí erùpẹ̀, láìsí ìkòkò. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé lóko kòkó bàbá òun ní ilẹ̀ Oǹdó, iṣẹ́ òun ni láti máa gun igi lọ gé àfòmọ́, irú èyí sì wà lára ohun tí òun ń gé jù sílẹ̀. "A kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì," ni ó wí. Kò tún béèrè lọ́wọ́ mi mọ́ láti ọjọ́ náà bóyá omi tí ó wà nínú ọ̀rá tó.

Nígbà tí oṣù Ẹrẹ́nà ń lọ sópin, ohun kan yọ ní ìdí ewé, ó tutù yọ̀yọ̀, kò tóbi ju orí ìṣáná lọ. Gbòǹgbò tuntun ni. Bàbá Ìbejì ni ó kọ́kọ́ rí i, òun ni ó sì pè mí.

Ní àwọn oṣù náà, mo ṣàkíyèsí ohun kan nípa àwọn tí ń bá wa kẹ́dùn. Ènìyàn rere ni gbogbo wọn. Wọ́n ń gbé ìrẹsì àti ẹran wá ní kúlà ńláńlá, fóònù kò sinmi, olúkúlùkù ni ó sì ní ọ̀rọ̀ ìtùnú tí ó gùn. Bàbá kì í rí oúnjẹ náà jẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí ń wá ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan, tí ń gbé ọpọ́n ayò dání. Wọn a ta ayò, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tí ó bá wá ni bàbá máa ń jẹun alẹ́. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ìyókù. Ohun tí mo ń wí ni pé ìrànlọ́wọ́ tí ènìyàn kò ní gbòǹgbò tí yóò fi gbà á, ẹrù ni í dà lé e lórí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe olóore ní láti kọ́kọ́ wo ìdí, kí ó mọ ìwọ̀n tí ẹni náà lè gbà lónìí, kí ó sì fún un ní ààyè láti mí.

Mo padà sílé ní oṣù Igbe. Nígbà tí oṣù Ògún pé, wọ́n fi àwòrán ewé tuntun ránṣẹ́ sí mi: ewé náà le, ó ń dán, kò sì hunjọ rárá. Láti ìgbà náà ni òdòdó ti kúrò nínú ọ̀rá, tí ó sì ti wà nínú èèpo igi, nínú ìkòkò ike tí a ń rí gbòǹgbò nínú rẹ̀. Bàbá Ìbejì kì í fi kàlẹ́ńdà bomi rin ín. Ọwọ́ ni ó fi ń gbé e wò: bí ó bá wúwo, a gbé e padà, bí ó bá fúyẹ́, tí gbòǹgbò sì ti ní àwọ̀ eérú, a tẹ̀ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a sì jẹ́ kí ó ro dáadáa. Ewé àtijọ́ méjì tí ó ṣẹ́kù kò bọ́ nínú híhunjọ wọn. Àpá kì í jọ ara. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ fún òdòdó náà bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gé wọn.

Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kò tíì tanná. Alẹ́ tí ó tutù díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó sábà máa ń mú kí ó yọ igi òdòdó, èyí tí ó sì ti ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún bíi mélòó kan kí ó tó ní agbára rẹ̀. Bàbá kò kánjú. Bí mo bá pè é lórí fóònù, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ara rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn ìbejì, lẹ́yìn náà òdòdó. Ìdáhùn kan náà ni ó máa ń fún mi lórí ti òdòdó: "Òùngbẹ kò gbẹ ẹ́."